Bí Mo Ṣe Ya Ìwé Ẹ̀rín Alàwòrán Nípa Ìgbà Èwe Mi

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe ìwé kékeré kan tí mo yàwòrán rẹ̀, tí mo kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí mo sì san owó títẹ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ojú ewé 16 ni ó ní, yàtọ̀ sí èèpo rẹ̀. Ìgbà èwe mi ní Ìbàdàn ni ó dá lé, nígbà tí ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà sísè, tí ó sì máa ń rán mi lọ sí ilé àwọn oníbàárà tí wọ́n ti ra oúnjẹ láwìn. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni "Ìyá Mi Ní Kí N Wá Gbowó".

Àwọn kan rò pé ẹni tí yóò bá fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká tàbí ẹni tí ó la ogun já. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Harvey Pekar, ará Cleveland ní Amẹ́ríkà, jẹ́ akọ̀wé tí ń tọ́jú fáìlì ní ilé ìwòsàn. Láti ọdún 1976 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ tẹ ìtàn alàwòrán jáde nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti nípa ìlà tí ó ń tò ní ilé ìtajà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ń yàwòrán náà. Àwọn ayàwòrán mìíràn ni wọ́n ń yà á fún un. Ní ilé tiwa, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ìwé àtìgbàdégbà Atọ́ka tí ìyá mi kó pamọ́, nínú èyí tí wọ́n ti fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ eré àwọn òṣèré orí ìtàgé, ti fi hàn mí tipẹ́ pé èdè wa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Inú ìwé àjákọ ni mo kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí mo rántí sí. Kí n tó ya ìlà kan ṣoṣo, mo kà á fún ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ayé tirẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbé síta. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún àwọn ibì kan ṣe, ó sì ní kí n yọ ìtàn kan kúrò nítorí pé àwọn ọmọ onígbèsè náà yóò dá a mọ̀. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó kù, mo yí orúkọ, ìrísí àti àdúgbò wọn padà, ṣùgbọ́n n kò fi àbùmọ́ kan kún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àwòrán ni mo jẹ́ kí ó gbé àbùmọ́. Ó dá mi lójú pé bí òǹkàwé bá ti fura pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀rín irú ìwé yìí ti tán nìyẹn.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú àwọn onígbèsè náà tí kì í sá pamọ́, tí kì í sì í tanijẹ. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ káàsán mà, ìyá mi ní kí n wá gbowó," yóò dìde, yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Oníkòyí! Àrọ̀nì kò gbélé, Oníkòyí kò sinmi ogun!" Yóò kì mí títí orí mi yóò fi wú, n ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó padà sílé láìgba kọ́bọ̀. Ìtàn yìí ni mo fi ṣe ọkàn ìwé náà, òun ni ó sì gba ìrònú mi jù lọ.

Lójú tèmi, ibi tí òǹkàwé ti ń ṣí ewé ni ẹ̀rín ìwé alàwòrán wà. Bí ìbéèrè àti ìdáhùn bá dojú kọ ara wọn, ojú ẹni tó ń kà á yóò ti já sí ìdáhùn kí ó tó ka ìbéèrè. Nítorí náà, mo ká takàdá kékeré 4 pọ̀ sí méjì méjì, mo kọ nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 16, mo sì tú wọn ká láti rí èyí tó pàdé èyí. Ojú ewé 1 àti 16 wà lójú kan náà, 2 àti 15 wà lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí ó fi dé àárín gbùngbùn, níbi tí 8 àti 9 ti jẹ́ ojú takàdá kan ṣoṣo tí kò pín. Ibẹ̀ ni mo fi pamọ́ fún orí wíwú náà.

Ní ojú ewé 6 àti 7, oríkì ń lọ láti àpótí dé àpótí, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin tí mo ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí. Orí ọmọ náà ń tóbi díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà oríkì náà ń tóbi pẹ̀lú rẹ̀, títí lẹ́tà yóò fi ti obìnrin náà kúrò nínú àpótí. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé 7, lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyá mi na ọwọ́, ó ní, "Owó dà?" Bí òǹkàwé bá ṣí ewé, orí ọmọ náà ti kún ojú ewé méjèèjì, ìyá mi sì wà ní igun ìsàlẹ̀ tòun ti ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́: "Oríkì ni mo rán ọ lọ gbà?" Nítorí pé píìnì méjì tí yóò di ìwé náà pọ̀ ni yóò gba àárín àwòrán yìí kọjá, mo yí ojú ọmọ náà sí apá òsì, mo sì di ṣùkú sí i lórí, kí píìnì lè bọ́ sáàárín ìlà irun dípò kí ó gún un lójú.

Lẹ́tà ni mo kọ kí n tó ya ènìyàn. Àwọn tó ń ṣe irú ìwé yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, wọn a sì to ìlà súnmọ́ra; bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè yóò kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Mo jẹ́ kí lẹ́tà ga ní mílímítà 4, kí àlàfo sì jẹ́ mílímítà 4 pẹ̀lú. Orí takàdá A4 ni mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí, A5 tí ó kéré jù ú lọ ni ìwé náà fúnra rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà náà di nǹkan bíi mílímítà 2.8 nígbà tí a dín in kù, ó sì ṣeé kà láìfi ojú wá a. Pẹ́ńsùlù búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ya ìpìlẹ̀, mo fi yíǹkì dúdú tẹ̀lé e, kọ̀ǹpútà sì yọ búlúù náà kúrò lẹ́yìn tí mo ti fi skánà gbà á wọlé ní 600 dpi, ìyẹn àmì kéékèèké 600 nínú ínṣì kan.

Ṣómólú ní Èkó ni mo gbé e lọ, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ lójúlé dé ojúlé. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo fún mi, mo sì fara balẹ̀ wo ojú ewé 7 sí 10. Yíǹkì orí wíwú náà pọ̀ débi pé ó ń hàn lẹ́yìn takàdá gíráàmù 80, ni mo bá yan gíráàmù 100 tí ó nípọn jù ú lọ. Àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gé etí rẹ̀; èmi ni mo ká a tí mo sì fi stapler ọlọ́wọ́ gígùn dè é, nítorí pé mo fẹ́ kí píìnì bọ́ sí ibi tí mo yàn fún un gan-an.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tà á, díẹ̀ sì wà lórí tábìlì ìyá mi. Bí ẹnìkan bá ń kà á níwájú mi, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò bí ó bá dé ìsàlẹ̀ ojú ewé 7. Mo ti ń ṣètò ìwé kejì báyìí, tí yóò dá lórí àwa ayálégbé tí a ń pín mítà iná kan ṣoṣo lò. Takàdá 6 ni n ó fi ṣe èyí, tí yóò jẹ́ ojú ewé 24, nítorí pé ìtàn náà ní ìbéèrè púpọ̀ tí n kò fẹ́ kí ìdáhùn wọn hàn títí òǹkàwé yóò fi ṣí ewé.