Bẹ́ ẹ ṣe máa fi pickup wọ́ mọ́tò dé Galveston tí trailer ò ní já lẹ́yìn yín

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Houston tẹ́ ẹ máa ń ra mọ́tò ní auction, tẹ́ ẹ ń fi pickup ara yín wọ́ ọ lọ sí Galveston kó lè bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí nǹkan tí mò ń rí lórí I-45, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Galveston, ń já mi láyà. Trailer tí mò ń sọ kì í ṣe tírélà tó ń kó símẹ́ǹtì nílé o, èyí tá a máa ń so mọ́ ìdí pickup láti gbé mọ́tò kan ṣoṣo ni. Hitch ni irin tó wà lábẹ́ bọ́ńpà tá a fi ń so ó.

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà yẹn. Ẹ máa rí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin náà, wọ́n á kọ Class rẹ̀ àti iye pọ́n-ùn tó lè fà sí i. Class I ò ju 2,000 lọ, Class II ò ju 3,500, Class III tí ihò rẹ̀ jẹ́ íńṣì 2 ló pọ̀ jù lára pickup, òun lè dé 8,000 àmọ́ ẹ ka tiyín, ẹ má kàn gba tèmi. Kì í sì í ṣe hitch nìkan ló ní ìwọ̀n, pickup fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀, irin tá a ń tì bọ ihò yẹn ní tiẹ̀, bọ́ọ̀lù, ìyẹn irin roboto orí ẹ̀ tí ẹnu trailer máa jókòó lé, ní tiẹ̀, èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn lẹ ó tẹ̀ lé. Camry kan wúwo tó bíi pọ́n-ùn 3,300, trailer onírin tó ń gbé e á tó bíi 2,000, ìyẹn ti di 5,300 kẹ́ ẹ tó ju nǹkan kan sínú búùtù. Ní Texas, trailer tó bá ti ju 4,500 lọ pẹ̀lú ẹrù orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀, ẹ má sọ pé ti pickup tó.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń dun èèyàn jù. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀: íńṣì 1⅞, íńṣì 2 àti íńṣì 2 5/16, wọ́n sì fín nọ́ńbà yẹn sórí bọ́ọ̀lù, wọ́n fín in sórí coupler náà, ìyẹn ẹnu trailer tó ń gbé bọ́ọ̀lù mì. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bẹ́ ẹ bá fi bọ́ọ̀lù íńṣì 2 sí ẹnu 2 5/16, á wọlé, á tiẹ̀ dà bíi pé ó tì, ẹ máa wa ọkọ̀ lọ lórí títì tó dán tí nǹkan kan ò ní ṣe, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù kan báyìí ló máa fò jáde.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ rẹ́fásì títí bọ́ọ̀lù á fi bọ́ sí abẹ́ ẹnu trailer gẹ́lẹ́, ẹ fi jáàkì sọ trailer kalẹ̀ lé e, ẹ ti lééfà, ẹ ki pínnì bọ̀ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wọlé sínú mọ́tò tí wọ́n á lọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo ń kánjú, mo gbọ́ tó dún kà, mo ní ó ti wọlé, mi ò mọ̀ pé irin kékeré bí ahọ́n tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù mú lábẹ́, orí bọ́ọ̀lù ló jókòó sí. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gun ojú irin rélùwéè, mo kàn gbọ́ gbì lẹ́yìn mi, trailer ti fò kúrò. Ṣéènì méjì tí mo so ló gbà mí. Mo ti gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ ẹnu trailer, ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, bí ẹni fọwọ́ méjèèjì gba ọmọ tó fẹ́ já bọ́, orí wọn ni ẹnu trailer balẹ̀ sí, kò kan títì. Ká ní mo fà wọ́n gbọọrọ ni, irin yẹn ì bá gún ilẹ̀, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó wà lẹ́yìn mi.

Látọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ti lééfà tán, mo máa ń padà fi jáàkì gbé ẹnu trailer sókè bí íńṣì méjì. Tí ìdí pickup bá ń bá a gòkè, ó ti gbá a mú. Tí trailer bá dá gòkè ní tiẹ̀, kò wọlé, ẹ tú u kẹ́ ẹ tún un so. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa to ẹrù. Ẹnu trailer gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n gbogbo ẹ̀, fún 5,300 yẹn, á jẹ́ láàárín 530 sí 795. Camry àti Sienna, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, torí náà orí ni kó kọ́kọ́ gun trailer, kẹ́ ẹ sì sún un síwájú díẹ̀. Àwa èèyàn wa ńkọ́, a fẹ́ràn ká ki táyà mẹ́rin àti ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ sínú búùtù, gbogbo ìwúwo yẹn á wá lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn á gbé iwájú fúyẹ́, trailer á bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá, pàápàá lórí afárá tó wọ Galveston tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì o! Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sìtíárìn mú gbọin, ẹ má jà pẹ̀lú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ní controller, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú pickup tó ń darí bíréèkì trailer, ẹ fọwọ́ tẹ bíréèkì trailer nìkan díẹ̀díẹ̀, á balẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wá ibì kan dúró sí, kẹ́ ẹ tún ẹrù yẹn tò.

Iná trailer ò le. Tó bá ń ṣe wìrìwìrì, tẹ́ ẹ tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún tí tòsì ń bá a tàn, wáyà funfun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òun ni ẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ojú ibi tí wọ́n dè é mọ́ kó mọ́.

Ìtọ́jú ẹ̀ wá ńkọ́? Iyọ̀ inú atẹ́gùn Galveston ń jẹ irin gan-an. Ẹ má fi irin bọ́ọ̀lù sínú ihò hitch látọdún dé ọdún, á dógùn-ún mọ́bẹ̀, òòlù gan-an ò ní yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ inú ihò, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i, torí iyanrìn tó bá ti wọ inú ẹ̀ ń ha irin bíi sáńpépà. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ di bọ́ọ̀lù mú kẹ́ ẹ yí i, tó bá yí, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ bóyá ó ti sán. Táyà, àárọ̀ tó ṣì tutù ni kẹ́ ẹ wọn atẹ́gùn ẹ̀. Béárìn sì ń fẹ́ gíríìsì tuntun lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn máìlì 12,000.

Èmi máa ń dúró nílé epo kan ní La Marque kí n tó gun afárá. Mo máa ń tún nọ́ọ̀tì táyà dì, mo máa ń fa ṣéènì wò, màá wá rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sí wàhálà. Tí ọ̀kan bá gbóná tó ta mí lọ́wọ́ táwọn tó kù ò ṣe bẹ́ẹ̀, béárìn ẹ̀ ti ń kú nìyẹn, mi ò ní gun afárá yẹn, mẹkáníìkì ni màá pè wá bá mi níbẹ̀.