Bí a ṣe ń tọ́jú ológbò Bengal n'Ìbàdàn

Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹkùn, ṣùgbọ́n ológbò ilé ni. Ẹni tó bá ń wá ológbò tí yóò máa sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó má rà á. Bí kò bá rí eré ṣe, á fa kọ́tìnì ya, á sì máa ké lóru.

Ẹ bá a ṣeré lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn, ẹ wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró. Ìgbà tí ìyẹ́ bá dúró yẹn gan-an ni yóò ba mọ́lẹ̀, tí yóò mi ìdí, kó tó fò mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó mú un nígbẹ̀yìn, kí ẹ wá gbé oúnjẹ fún un. Ẹ má fi ọwọ́ bá a ṣeré o. Bó bá dàgbà, á máa géni jẹ.

Ó fẹ́ràn omi, nítorí náà ẹ máa dé kànga àti dúrọ́ọ̀mù.

Ẹran tàbí ẹja nìkan kò tó o. Oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń tà ni kó pọ̀ jù, torí taurine (èròjà aṣaralóore kan) inú rẹ̀ ni ọkàn àti ojú ológbò nílò. Ẹran ọbẹ̀ ńkọ́? Rárá, alùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ má fọ́n òtápíápíá síbi tó ń rìn, torí á lá a kúrò lẹ́sẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù ẹyọ kan lè pa á.

Bó bá pé ọ̀sẹ̀ 12, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Irú wọn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.