Bí A Ṣe Ń Kó Erùpẹ̀ Sínú Ìkòkò Òdòdó Ńlá Tí Omi Kò Fi Ní Pa Gbòǹgbò

Òkúta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dà sí ìdí ìkòkò kì í jẹ́ kí omi tètè jáde. Omi tó wà nínú erùpẹ̀ kúnná kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú àlàfo fífẹ̀ àárín òkúta. Inú erùpẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ títí ibẹ̀ yóò fi rin gbingbin. Kò sí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ kì í rin báyìí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó òkúta sẹ̀ǹtímítà 15 sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti gbé ibi tó rin yẹn sókè tọ gbòǹgbò lọ nìyẹn. Ẹ rẹ fóòmù sínú omi kí ẹ gbé e lé òkúta, ẹ óò rí i pé omi inú rẹ̀ kò torí òkúta jò tán.

Ihò ló ń gbé omi jáde. Ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 fẹ́ ihò mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan sí kan àbọ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bo ojú ihò, kì í ṣe àpáàdì. Ẹ gbé ìkòkò lé bíríkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ihò má baà lẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tó máa wà gan-an, torí erùpẹ̀ líta 100 tó ti mumi lè wúwo ju kílò 100 lọ.

Láti mọ iye erùpẹ̀ tí ìkòkò onígun mẹ́rin máa gbà, ẹ fi gígùn, ìbú àti gíga lọ́nà sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Ìkòkò 60 × 60 tí ẹ fẹ́ kó erùpẹ̀ sí dé 45 yóò gba líta 162, ìyẹn garawa onílíta mẹ́wàá bíi 16. Ẹ fi garawa méjì kún un, torí erùpẹ̀ máa ń rọlẹ̀.

Erùpẹ̀ ọgbà nìkan máa ń dì gbagidi nínú ìkòkò. Ẹ po èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ garawa mẹ́ta, kọ́ńpọ́ọ̀sì (ajílẹ̀ tí wọ́n fi ewé àti pàǹtí ṣe) tó ti jẹrà tán méjì, yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi méjì, àti ilẹ̀dú kan. Yanrìn kúnná máa ń dí àlàfo, ti etí òkun sì ní iyọ̀. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: ó yẹ kó dì mọ́ra, kó sì fọ́ bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ. Tó bá dì bí amọ̀, ẹ fi yanrìn àti èèpo àgbọn kún un.

Àdàlù kan náà ni kẹ́ ẹ kó sí i láti ìdí dé òkè. Ẹ kó o ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ lókè fún omi. Àwọn kan máa ń kó ike òfìfo sí ìdí ìkòkò jíjìn kí erùpẹ̀ má baà pọ̀. A lè gbà á fún ẹ̀fọ́, tí erùpẹ̀ orí rẹ̀ bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, àmọ́ kì í ṣe fún igi.

Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Tí ewé bá rọ nígbà tí erùpẹ̀ ṣì tutù, tó sì ń rùn, gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ ni: ẹ má fi omi kún un, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò láti ìsàlẹ̀, torí gbòǹgbò lè ti dí i.