Bí ẹ ṣe lè gun òkè Ìdànrè kí ẹ sì ná ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Ohun tó ń ba ìrìn àjò Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí. Wọ́n á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á ra epo, ọjà á dùn mọ́ wọn, nígbà tí wọ́n á sì fi dé ìdí òkè, oòrùn ti mú, àpáta ti gbóná. Òkè ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, kí ọjà tẹ̀ lé e. Orí ìyẹn la gbé gbogbo ètò yìí kà.

Ẹ ka ọjọ́ ọjà kẹ́ ẹ tó gbéra

Kò sí ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ní rí ẹni tó ń tajà nílùú, àmọ́ ọjọ́ ọjà gan-an làwọn ará oko máa ń gbé ẹrù wọlé. Ọjọ́ yẹn ni ẹrù máa ń pọ̀, tówó rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀.

Ọjà ọrọọrún ló pọ̀ jù ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá. Bá a ṣe ń kà á rèé: ọjọ́ tí wọ́n ná an ni ení. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni ení, Ìṣẹ́gun èjì, Ọjọ́rú ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ẹ̀rin, Ẹtì àrún. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á tún ná an. Lẹ́yìn náà á bọ́ sí Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kejì ṣe ení, ọ̀la ọjà ló máa dé, òfìfo ìsọ̀ ló sì máa bá.

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ná an kẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wọn, torí ọjọ́ ọjà lèrò wọn máa ń kún.

Àkúrẹ́ ni kẹ́ ẹ sùn

Ìdànrè fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 20 sí Àkúrẹ́. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì gbéra ní aago méje àárọ̀. Ẹ gba owó sọ́wọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, torí ìyá tó ń ta ata lórí àtẹ lè má ní ṣéńjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má gbé owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ gbé omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ léyín, fìlà, àpò ìrẹsì òfìfo méjì, agbọ̀n kan, àti kẹ́ẹ̀gì funfun oní-lítà márùn-ún fún epo. Ẹ fi àpò, agbọ̀n àti kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ sínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Gígun òkè

Ẹ san owó ìwọlé lẹ́nu géètì, kẹ́ ẹ gba risíìtì. Ẹ gba afinimọ̀nà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Apá àkọ́kọ́ ló ń tán èèyàn lókun, torí ara ṣì ń yá gágá, ẹsẹ̀ sì ń sáré. Ẹ rọra gùn ún débi tẹ́ ẹ á fi lè máa sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi púpọ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan náà, inú á wú u.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àpáta máa ń gbẹ jù. Lásìkò òjò, ẹ wo ibi tí àpáta ti ní ìlà dúdú: ipa omi nìyẹn, ó sì máa ń yọ̀ gan-an bó bá tutù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró níbi ìsinmi títí tí á fi dá.

Lókè lẹ máa bá ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n wà lónìí. Ẹ máa rí ààfin Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn. Láti 2007 ni ibẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, ìdí sì nìyẹn tó fi ń dùn wá bí ẹnikẹ́ni bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ibẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, torí ojúbọ wà níbẹ̀. Ẹ má kọjá ìlú àtijọ́ lọ sínú igbó láìsí afinimọ̀nà.

Bó bá di aago mọ́kànlá, ẹ máa sọ̀ bọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́ níbi tó bá ga, kí orúnkún má baà dùn yín.

Ọjà yá

Ẹ kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Ẹ yí ọjà ká lẹ́ẹ̀kan láì ra nǹkan kan, kẹ́ ẹ gbọ́ iye tí ẹni mẹ́ta ń ta ohun kan náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Bó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ gbà, ẹ béèrè jálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti san, ẹ tọrọ èènì. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni.

Bí wọ́n bá ń wọn gaàrí tàbí ẹ̀wà, ẹ yẹ ìdí kóńgò wò, torí àwọn kan máa ń lù ú wọnú. Ẹ fún gaàrí lọ́wọ́: bó bá dì, kò tíì gbẹ, á sì bu kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó máa ń rí roboto; èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú ni wọ́n tètè bẹ́, kò sì ní pọ́n dáadáa. Ẹ jẹ́ kí epo pupa dúró díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì funfun, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀: bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa rọ̀ sí. Bó bá jẹ́ àpọ̀n, ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun.

Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá, ẹ máa rí kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ọkọ̀ gùn ún; iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni.

Ìgbín máa ń pọ̀ lásìkò òjò. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀: èyí tó yè á súnkì, èyí tó ti kú á máa rùn. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, ooru ló máa pa á. Inú agbọ̀n ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ fi ewé tútù bò ó, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ kí aago márùn-ún tó lù, torí lẹ́yìn ìyẹn, ẹrù àwọn alájàpá ló máa ń gba ọkọ̀.