Bí ọyẹ́ ṣe di ohun ìgbádùn nílé wa

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti dé sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá, ilé wa kì í rójú. Ètè á là, imú á gbẹ, ọmọ á máa wúkọ́ lóru, kùrukùru á sì bo oòrùn. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ni, àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó sì gbẹ débi pé ó ń fa omi kúrò lára èèyàn.

Òrí ló tán an, àmọ́ àsìkò tí a fi ń pa á ló ṣe pàtàkì jù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ká fi wẹ̀. Omi tó gbóná jù máa ń bó ọ̀rá ara dànù. Kí ara tó gbẹ tán, ká ti fi òrí ra á, kó lè sé omi náà mọ́ awọ. Tí òtútù bá mú òrí le, mo máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí á fi rọ̀. Lálẹ́, mo máa ń sá aṣọ tútù sí yàrá. Ikọ́ ọmọ rọlẹ̀.

Ìgbádùn rẹ̀ wá kù sí àárọ̀: ògì gbígbóná, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, àdìrẹ Ìtòkú tí mo ṣẹ́ po lé èjìká. Ìyá ọkọ mi á ní, “Ìyàwó, bu díẹ̀ sí i fún mi.” Èmi náà á ní, “Ẹ gbà, Mà.” Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn gan-an. Ẹ tètè ra òrí yín kí oṣù Kọkànlá tó parí.