Bí ẹ ṣe lè fi ìgbẹ́ màlúù àti èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe gáàsì ìdáná

Láti Kàbà dé Mọ̀pà àti Ìsánlú, èèpo ẹ̀gẹ́ kì í wọ́n lẹ́yìn ilé-ẹ̀rọ gàrí. Gáàsì ń bẹ nínú rẹ̀, àmọ́ ìgbẹ́ màlúù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Inú ìgbẹ́ ni àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣe gáàsì wà. Oúnjẹ wọn lásán ni èèpo.

Ẹ ra táǹkì oníke lítà 1,000, kí ẹ gé orí rẹ̀. Ẹ wá ra ti lítà 750 tó lè wọnú rẹ̀, kí ẹ gé orí òun náà, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ fẹ̀, torí ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà sá. Páìpù íǹṣì 4 tí ẹ ó máa rọ ìgbẹ́ sí yóò wọ táǹkì ńlá nísàlẹ̀, yóò sì ga ju etí táǹkì lọ níta. Èyí tí àjẹkù ń gbà jáde yóò wà lókè, ṣùgbọ́n kí ó rẹlẹ̀ ju etí lọ. Fáàfù àti rọ́bà gáàsì wà lórí táǹkì kékeré. Ibi tí oòrùn ń pa ni kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí.

Ìgbẹ́ tútù garawa kan sí omi garawa kan, kí ẹ ṣa òkúta àti koríko kúrò, kí ẹ pò ó kí ó dà bí ẹ̀kọ mímu. Omi òjò tàbí omi odò dára. Omi ọṣẹ àti Izal á pa kòkòrò náà. Ẹ ṣí fáàfù sílẹ̀ títí táǹkì yóò fi kún, kí ẹ tó tì í.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, táǹkì kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí gbéra. Gáàsì àkọ́kọ́ kì í jó: ẹ tú u dànù níta gbangba, lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí kò sí iná. Ẹ má dán an wò lẹ́nu fáàfù láé, ó lè bú gbàù. Orí sítóòfù ni kí ẹ ti tan án. Ojú ihò sítóòfù gáàsì ọjà kéré jù fún un. Ẹ lu ú fẹ̀ dé bíi mìlímítà 2, kí ẹ sì gbé òkúta lé táǹkì kékeré kí gáàsì lè ní agbára.

Lẹ́yìn náà, kílò 10 ìgbẹ́ àti lítà 10 omi lójúmọ́. Iná sítóòfù kan fún bíi wákàtí kan ni ẹ ó rí. Ó tó se iṣu àti ọbẹ̀; ẹni tó bá fẹ́ fi yan gàrí, kí ó wá táǹkì tó tóbi jùyẹn lọ dáadáa.

Èèpo ẹ̀gẹ́ wọlé nígbà tí iná bá ti ń jó búlúù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Kílò 1 ni kí ẹ fi rọ́pò kílò 1 ìgbẹ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ náà lọ. Èèpo máa ń tètè kan, kíkan náà sì ń dá àwọn tó ń ṣe gáàsì dúró. Bí ó bá ti ń rùn kíkan-kíkan, tí iná sì ń rọ, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ da omi eérú díẹ̀ sí i, kí ẹ sì padà sí ìgbẹ́ nìkan. Omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì rárá.

Bí iná bá ń tà pàrà-pàrà, omi ló wà nínú rọ́bà: ẹ tú u, ẹ ro ó dànù. Ìfófòó ọṣẹ ni ẹ ó fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Lásìkò ọyẹ́ gáàsì á dínkù. Ẹ fi koríko gbígbẹ àti ọ̀rá bo táǹkì, kí ẹ sì fi omi tí oòrùn ti yá po ìgbẹ́ lọ́sàn-án. Àjẹkù tó bá jáde, ẹ bu omi là á kí ẹ tó dà á sí ìdí àgbàdo tàbí ebè iṣu.