Póní Shetland tí pátákò rẹ̀ ń gbóná: bí a ṣe yanjú ẹ̀

Abo póní (irú ẹṣin kékeré) tí à ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje àfihàn ní Bìrìtéènì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tiro nígbà tí koríko tuntun hù lẹ́yìn òtútù. Ó ń na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó ń gbé ara lé ti ẹ̀yìn. Pátákò rẹ̀ gbóná, iṣan ọrùn ẹsẹ̀ sì ń lù kìkì. Laminitis nìyẹn, àrùn tó ń mú inú pátákò wú, kó sì máa ro ó: ṣúgà inú koríko ti pọ̀ jù fún ẹran tó ti sanra.

Dókítà ẹran la kọ́kọ́ pè. Ó fún un lóògùn ìrora, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ insulin rẹ̀ (èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) wò. A kó o kúrò ní pápá, a tẹ́ èérún igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún un, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ebi pa á! Bí oúnjẹ bá já mọ́ póní tó sanra lẹ́nu lójijì, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Kílò 180 ni tiwa wọ̀n, nítorí náà kílò 2.7 koríko gbígbẹ ló ń jẹ lójúmọ́ (1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀), a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ wọ̀n ọ́n kó tó kan omi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí kan, kí ẹ sì da omi náà nù; yóò pọ́n bíi tíì, ṣúgà ló wà níbẹ̀. Omi yẹn ń fọ àwọn èròjà aṣaralóore lọ pẹ̀lú, ẹ fi èròjà mìíràn kún oúnjẹ rẹ̀ dípò wọn.

Ìgbà tó ń rìn geere láìlo oògùn ló tó padà sí pápá, pẹ̀lú ìdínu (ohun tí a fi ń bo ẹnu ẹran kó má baà jẹ koríko púpọ̀): àyè ìka kan sí méjì láàárín ètè póní àti ìsàlẹ̀ ìdínu náà. Láàárọ̀ tí oòrùn bá ràn lẹ́yìn ìrì dídì, kò gbọdọ̀ jẹko rárá.